Ta Ló Gba Ọ̀nà Mọ́ Ẹlẹ́sẹ̀ Lọ́wọ́?

Ọ̀RỌ̀ ÌDÍLÉ

Ẹ̀kọ́ Kíkà: Deuteronomi 19:1-6, Deuteronomi 22:8, Isaiah 58:12

  

Ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ láàárín tọkọtaya ni a ti ṣèlérí pé a óò sọ lóṣù yìí. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí a sún un síwájú díẹ̀. Ohun kan ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìsìn wa ní Igbóṣeré tí kò jẹ́ kí ọwọ́ wa lè kọ ohun mìíràn.

Màmá kan wà láàárín wa tí ó ti lé ní ẹni 70 ọdún. Ẹsẹ̀ ni Màmá fi ń wá sí ilé ìsìn láti ìhà Campos. Ọ̀nà náà kò jìn. Màmá a mú ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́ kan, a mú Bíbélì àti ìwé àṣàrò kúkúrú lọ́wọ́ kejì, a sì máa kí ènìyàn láti ojúlé dé ojúlé títí yóò fi dé. Kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, Màmá a ti pín ìwé àṣàrò kúkúrú bíi mẹ́wàá.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, aago mẹ́jọ kò tí ì lù, Màmá ń bọ̀ létí títì. Nígbà tí ó sún mọ́ ilé ìsìn, kò rí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni ó tò lọ bẹẹrẹ lórí rẹ̀. Bí ó bá bọ́ sójú títì, dánfó ń bọ̀. Bí ó bá gba ẹ̀yìn àwọn ọkọ̀ náà, gọ́tà tí síláàbù rẹ̀ ti ṣí ni. Màmá yan ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó ṣubú sínú rẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àwa náà wo ẹ̀yìn, ohun tí a rí kò sì dùn mọ́ wa. Àwọn ọkọ̀ tí ó gba ọ̀nà mọ́ Màmá lọ́wọ́ kì í ṣe ti àwọn aláìgbàgbọ́. Ọkọ̀ àwọn ará ni, ìwé ìlẹ̀mọ́ ìjọ wà lára gíláàsì wọn. Èyí tí ó sún mọ́ gọ́tà jùlọ, ti àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ni.

Kùtùkùtù ni a ti dé lọ́jọ́ náà fún àdúrà àwọn òṣìṣẹ́. A gbé ọkọ̀ síbẹ̀, a tì í, a wọlé, a gbé ọwọ́ sókè. A ń bẹ Olúwa pé kí ó la ọ̀nà fún wa níbi tí ọ̀nà kò sí. Ẹ̀yin ará, àwa tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀nà nínú ilé, àwa náà ni a dí ọ̀nà lóde.

Nígbà tí a lọ bẹ Màmá wò ní ilé ìwòsàn, a jẹ́wọ́ fún un pé ọkọ̀ wa ni. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, “Pásítọ̀, mo mọ̀. Mo dá ọkọ̀ yín mọ̀. Ǹ bá fara ti ọkọ̀ náà kí n fi kọjá, ṣùgbọ́n mo ní kí ọ̀pá mi má baà họ ọkọ̀ ìránṣẹ́ Ọlọ́run.”

A kò rí èsì fọ̀.

ỌLỌ́RUN KA Ọ̀NÀ SÍ

Ọ̀pọ̀ wa ni ó rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà, ti ìjọba ni, kì í ṣe ti ìjọ. Ẹ jẹ́ kí a ṣí Bíbélì wa. Nígbà tí Ọlọ́run ń fi ilẹ̀ Kenaani fún àwọn ọmọ Israeli, ó pàṣẹ pé kí wọ́n ya ìlú ààbò sọ́tọ̀, kí ẹni tí ó bá ṣèèṣì pa ẹnìkejì rẹ̀ lè sá lọ síbẹ̀. Ìwé Joṣua orí 20 ka ìlú mẹ́fà fún wa: Kedeṣi, Ṣekemu àti Hebroni ní ìhà kan odò Jordani, Beseri, Ramoti àti Golani ní ìhà kejì.

Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò fi mọ sí ìlú. Ní Deuteronomi 19:3, ó pàṣẹ pé kí wọ́n la ọ̀nà, kí wọ́n sì pín ilẹ̀ náà sí mẹ́ta. Ẹsẹ 6 sọ ìdí rẹ̀: kí ọ̀nà má baà jìn jù, kí agbẹ̀san má baà lé ẹni tí ń sá lọ bá. Ẹ wo irú ètò yìí. Ọ̀nà tí ó kárí ilẹ̀ náà ni, tí a là nítorí ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ sáré nítorí ẹ̀mí ara rẹ̀. Ìlú ààbò tí ènìyàn kò lè rìn dé kò yàtọ̀ sí ẹ̀tàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ìsìn tí arúgbó kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ẹ tún ka Deuteronomi 22:8. Òrùlé títẹ́jú ni wọ́n ń kọ́ nígbà náà, orí rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gba atẹ́gùn. Ọlọ́run ní kí ẹni tí ó bá kọ́ ilé tuntun ṣe ìgbátí sí òrùlé rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó bá ṣubú má baà wá sórí ilé náà. Ọlọ́run tí ń gbọ́ àdúrà ni ó sọ èyí. Kò ní kí wọ́n kàn máa gbàdúrà kí ẹnikẹ́ni má ṣubú. Ó ní kí wọ́n mọ nǹkan tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣubú. Síláàbù orí gọ́tà, ìgbátí ni. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ìgbátí ni.

OHUN TÍ ÀWỌN MÌÍRÀN ṢE

Àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn tàbí kí ó gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti ìlú dé ìlú lórí ọ̀nà tí a yà sọ́tọ̀ fún un. Ẹ má rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn. Ẹkún ni ó kọ́ bá wọn.

Ní Netherlands, tí àwọn kan ń pè ní Họ́láǹdì, ènìyàn bí 3,300 ni jàǹbá ọkọ̀ pa lọ́dún 1971 nìkan. Nínú wọn, ó lé ní 400 tí wọ́n jẹ́ ọmọdé. Akọ̀ròyìn kan tí ń jẹ́ Vic Langenhoff pàdánù ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, tí ọkọ̀ pa nígbà tí ó ń lọ sí ilé ìwé. Ní 1972 ó kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ìròyìn, ó fi àkọlé rẹ̀ sọ pé kí wọ́n dáwọ́ pípa àwọn ọmọdé dúró. Àwọn òbí jáde. Àwọn ìyá àti àwọn ọmọ wọn dí títì láti béèrè ọ̀nà tí kò léwu. Ní 1973, nígbà tí epo rọ̀bì wọ́n, ìjọba wọn fòfin de wíwa ọkọ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi láti November 4. Àwọn ènìyàn rí títì tí ọkọ̀ kò sí, wọ́n sì rí i pé ilé ayé kò tìtorí ẹ̀ parẹ́. Láti ìgbà náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Lónìí, ó ti lé ní 30,000 kìlómítà, ó kárí orílẹ̀-èdè náà. Àwọn tí jàǹbá ọkọ̀ pa níbẹ̀ ní 2023 kò tó 800.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ènìyàn díẹ̀ ní ìlú Bristol ni ó bẹ̀rẹ̀ ní 1977. Ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ kan wà láàárín Bristol àti Bath tí rélùwéè kò gbà mọ́. Wọ́n tún un ṣe fún ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́, púpọ̀ nínú wọn kò sì gba owó iṣẹ́. Ní 1995 wọ́n rí owó tí ó lé ní 40 mílíọ̀nù pọ́n-ùn gbà láti ara tẹ́tẹ́ orílẹ̀-èdè wọn (àwa kò yin tẹ́tẹ́ o!), wọ́n sì fi nà án ká gbogbo ilẹ̀ wọn. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà lọ́hùn-ún yóò ti rí àmì aláwọ̀ búlúù tí ó ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń júwe rẹ̀.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí ó wọ̀ wá lára. Wọ́n fi ìwọ̀n kan lélẹ̀: ọ̀nà tí ọmọ ọdún 12 tí ó lóye kò bá lè dá gbà láìséwu, wọn kò ní kà á sí ọ̀nà tó dára. Ní 2020, wọ́n fi ìwọ̀n yìí wọn iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni wọ́n yọ kúrò tàbí tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, nítorí kò léwu tó bẹ́ẹ̀ lójú àwòrán, ṣùgbọ́n ó léwu fún ẹsẹ̀. Ó gba ìrẹ̀lẹ̀ kí ènìyàn tó lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa iṣẹ́ tí ó ti fi ṣògo.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé nǹkan òyìnbó ni. Láti 2016 ni ìlú Kigali ní Rwanda ti ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ tí ọkọ̀ kì í gba àwọn títì kan láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kí tọmọdé tàgbà lè rìn. Ethiopia náà gbé ètò tirẹ̀ kalẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, láti 2020 títí di 2029, fún ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́.

NÍLÉ TIWA ŃKỌ́?

Ìlú ẹlẹ́sẹ̀ ni Èkó láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Pópó Àgùdà, dé Campos, dé Igbóṣeré, kò sí ibi tí ènìyàn kò lè fi ẹsẹ̀ dé. Ní 1901 tí a kọ́ Afárá Carter, ọ̀pọ̀ àwọn baba wa fi ẹsẹ̀ gbà á kọjá sí Ìddó. Ní 1902, rélùwéè kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á wọ Erékùṣù Èkó. Ní 1933 ó kógbá sílé. Lẹ́yìn èyí, ọkọ̀ pọ̀. Nígbà tí a parí Afárá Third Mainland ní 1990, gbogbo wa dúpẹ́. Ọkọ̀ ni a kọ́ ọ fún.

Ní 2018, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìwé ìlànà jáde lórí ọ̀rọ̀ àwọn tí ń rìn àti àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́. Ìwé náà dára. Ó fẹ́ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí ó gbòòrò, ọ̀nà kẹ̀kẹ́, àti ibi tí aláìlera lè gbà kọjá. Àwọn títì kan ti rí lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè Nàìjíríà kò tí ì ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ti kẹ̀kẹ́ tí ó kárí láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀.

Ẹ sì wò ó, ẹsẹ̀ tí ń rìn ń pọ̀ sí i ni. Ní February 2020 ìjọba dín ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá kù láàárín ìlú. Ní June 2022 wọ́n fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Erékùṣù Èkó sì wà lára wọn. Ní September 2023 rélùwéè tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Mile 2 wá sí Marina. Ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ ní Marina tí ó ń bọ̀ wá sí Igbóṣeré, kí ni yóò fi ṣe ìyókù ìrìn àjò rẹ̀ bí kò bá ní owó takisí? Ẹsẹ̀ ni.

Ẹ bá a rìn kí ẹ rí ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Jẹnẹrétọ̀ rèé lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Àtẹ rèé, ọkọ̀ rèé, gọ́tà aláìnídèérí rèé. Ẹ fi ìwọ̀n àwọn ará Bristol yẹn wọ̀n ọ́n: ṣé ọmọ yín, ọmọ ọdún 12, lè dá rìn láti Campos dé ibi tí ilé ẹjọ́ gíga tí iná jó ní October 2020 wà, kí ọkàn yín má sì já? Bí ìdáhùn yín bá jẹ́ rárá, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Ẹ má jẹ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn aláte. Ẹni tí ó pa àtẹ sẹ́bàá ọ̀nà ń wá oúnjẹ òòjọ́, ìyá ọmọ ni púpọ̀ nínú wọn. Bí a bá máa bá a sọ̀rọ̀, kí a bá a wá ibi tí yóò jókòó sí. Ṣùgbọ́n àwa tí a gbé ọkọ̀ sí orí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin kí a lè jó níwájú Olúwa, kí ni àwíjàre tiwa?

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ènìyàn bí 1.19 mílíọ̀nù ni jàǹbá ojú pópó pa káàkiri ayé ní 2021. Ẹlẹ́sẹ̀, ọlọ́kadà àti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ lé ní ìdajì wọn. Òun ni ó ń pa ọmọdé àti ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 5 sí 29 ju ohunkóhun mìíràn lọ. A máa ń de ẹ̀mí ikú àìtọ́jọ́ lóru. Ó dára, kí a máa dè é. Kí a sì bo gọ́tà lọ́sàn-án.

ẸSẸ̀ NI ÌSỌJÍ FI DÉ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fojú kéré ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn. Ẹsẹ̀ ni Olúwa wa fi rin Galili já. Lójú ọ̀nà Emmausi, ó bá àwọn méjì rìn títí ọkàn wọn fi gbiná. Bí ó bá jẹ́ inú ọkọ̀ olóoru tútù tí a ti gíláàsì rẹ̀ pa ni wọ́n wà, ta ni ìbá bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ wọn?

Ẹ tún rántí Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Awakọ̀ ẹ̀rọ tí ń tẹ ọ̀nà ni, ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń la títì ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ní October 1928, lójú ọ̀nà tí wọ́n ń ṣe ní ìhà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ẹ̀rọ náà kú, Ọlọ́run sì pè é. Ní July 1930 ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè, Iléṣà, èrò sì ń wọ́ tìrítìrí láti ìlú jíjìnnà. Lẹ́yìn náà, kẹ̀kẹ́ Raleigh ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti ajíhìnrere fi ń wọ abúlé. Lónìí, ẹni tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ wá sí ìsìn, a ó ti máa wò ó bí ẹni tí nǹkan kò ṣẹnuure fún. Ta ni ó kọ́ wa bẹ́ẹ̀?

ILÉ NI A TI Ń KÓ Ẹ̀ṢỌ́ RÒDE

Ohun tí a ṣe nínú ìjọ wa nìyí. Ìgbìmọ̀ jókòó, a sì fẹnu kò pé ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ wà lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ mọ́, bẹ̀rẹ̀ láti orí ti pásítọ̀. Ilé ìwé kan nítòsí gbà kí a máa gbé ọkọ̀ sí àgbàlá rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Àwọn ará dá owó, a fi síláàbù bo gọ́tà iwájú wa àti ti aládùúgbò wa ní apá kejì. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú rẹ̀ dùn. Arákùnrin kan béèrè pé ṣé kí òun rìn láti ilé ìwé yẹn nínú agbádá ni? A ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Màmá ń rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe ìwọ̀nyí nínú ilé yín:

1. Ẹ bá àwọn ọmọ yín rin ọ̀nà ilé ìwé wọn lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi ojú ara yín rí ibi tí ewu wà.

2. Níbi tí kò bá sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ẹ kọ́ wọn láti gba ọwọ́ òsì, kí wọ́n máa kọjú sí ọkọ̀ tí ń bọ̀. Ọjọ́ kejì oṣù April 1972 ni Nàìjíríà yí wíwa ọkọ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún. Àwọn àgbà wa tí wọ́n kọ́ ìrìn ṣáájú ìgbà náà lè ṣì máa gba ibi àtijọ́. Ẹ rán wọn létí pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

3. Bí ẹ bá ń ti ìṣọ́ òru bọ̀, ẹ wọ aṣọ tí ó mọ́lẹ̀, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ẹ má dá rìn.

4. Ẹ máa rìn fún ìlera. Àwọn onímọ̀ ìlera ní kí àgbàlagbà lo ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, láàárín ọ̀sẹ̀ kan fún ìrìn kánmọ́kánmọ́ tàbí irú eré ìdárayá bẹ́ẹ̀. Tọkọtaya tí ó bá jọ rìn yóò jọ sọ̀rọ̀.

5. Ẹ̀yin awakọ̀ inú ìjọ, kí ẹ tó pa ẹ́ńjìnnì, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ wò ó: bí ìyá yín bá ń bọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá, ibo ni yóò gbà?

6. Ẹ̀yin tí Ọlọ́run fi sípò nínú ìjọba, ẹ lo ipò yín. Ẹ̀yin yòókù, ẹ kọ ìwé sí ìjọba ìbílẹ̀ yín nípa gọ́tà aláìnídèérí. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, kí ẹ sì tún un kọ.

Ẹ̀yin yóò fẹ́ gbọ́ nípa Màmá. Ó ti kúrò ní ilé ìwòsàn, ògo ni fún Olúwa. Ọkọ̀ ni a fi ń gbé e wá sí ìsìn báyìí, nítorí egungun àgbà kì í tètè jinná. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wa ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan ó sọ fún wa pé òun kò rí àyè pín ìwé àṣàrò kúkúrú mọ́, nítorí láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà ni ọkọ̀ ń gbé òun. Àwọn tí ó máa ń kí lójú ọ̀nà sì ń béèrè rẹ̀. A ti gba ìwé àṣàrò kúkúrú náà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ilé ìwé tí a ń gbé ọkọ̀ sí, a máa ń pín in bí a ti ń rìn bọ̀. A kò tí ì lè pín tó mẹ́wàá kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀.

ÀDÚRÀ: Baba, dárí jì wá níbi tí a ti dí ọ̀nà mọ́ aláìlera. Sọ wa di olùtún-ọ̀nà-ṣe ní àdúgbò wa. Pa ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa mọ́ ní àlọ àti àbọ̀. Fi ọgbọ́n fún àwọn tí ń ṣàkóso wa, kí wọ́n lè la ọ̀nà tí tálákà yóò rìn. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ ÌDÍLÉ: (1) Kí ni ìdí tí Ọlọ́run fi pàṣẹ ọ̀nà pẹ̀lú ìlú ààbò? (2) Kí ni “ìgbátí” tí ó yẹ kí ilé tiwa mọ? (3) Ta ni ó ń gba ẹ̀yìn ọkọ̀ wa kọjá tí a kò rí?

ÀKỌ́SÓRÍ: Isaiah 58:12.

Lóṣù tó ń bọ̀, bí Jésù bá fa bíbọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, a óò sọ̀rọ̀ lórí owó oúnjẹ.